Kọ̀ǹpútà Tó Ń Falẹ̀ àti Ìkìlọ̀ Windows 10: Ọ̀ràn Méjì Ni, Ẹ Má Ṣe Dà Wọ́n Pọ̀

Ìbéèrè: «Okun o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìsánlú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan fún mi, HP EliteBook 840 G3. RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, dísíìkì rẹ̀ jẹ́ 500 GB. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe èsì ìdánwò àwọn ọmọ, fọ́tò ìsìnkú bàbá wa sì wà nínú rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́fà báyìí, bí mo bá tàn án, mo lè gbé omi ka iná kí ó hó kí ó tó ṣí. Nígbà mìíràn ó máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bátìrì rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bí iná bá lọ, ńṣe ló ń kú lójijì. Lẹ́yìn èyí ni ìkìlọ̀ kan tún ń yọ pé àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ti parí. Ẹnjiníà kan ní ọjà ní kọ̀ǹpútà náà ti kú, kí n ra òmíràn. Èkejì ní òun yóò bá mi fi Windows 11 sí i lọ́nà ẹ̀bùrú. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní kí n yọ Windows kúrò, kí n máa lo Linux dípò rẹ̀. Mo ti pa ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ́ nítorí wọ́n ní mẹ́mórì ló kún, síbẹ̀ kò yí padà. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Kí ni kí n ṣe?»

Màmá, okun o, ẹ sì kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà jù lọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Bí mo bá gbọ́ yín yé, kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́, ìkìlọ̀ tó ń yọ ń dẹ́rù bà yín, ìmọ̀ràn mẹ́ta tí ẹ gbà kò sì bá ara wọn mu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé ìfàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín àti ìkìlọ̀ Windows 10 kò jọ tan rárá. Ìgbà kan náà ni wọ́n kàn bọ́ sí. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ yóò ná owó síbi tí kò yẹ, mo sì gbà pé ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn onímọ̀ràn yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sọ òtítọ́ díẹ̀ díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì fọwọ́ kan ojú egbò.

Nínú gbogbo ìwé yín, ibi tó já mi láyà ni ibi tí ẹ ti ní ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, ẹ kó èsì àwọn ọmọ àti fọ́tò ìsìnkú bàbá kúrò lórí rẹ̀ ná. Ẹ ra fúláàṣì 64 GB kan, kí ẹ sì máa dà wọ́n sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì sí: èsì sáà yìí ni kó ṣáájú, kí ti àwọn ọdún tó kọjá tẹ̀lé e, kí fọ́tò wá kẹ́yìn. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ ní kó máa dà lọ, nítorí bí dísíìkì tó ń ṣàìsàn bá kọsẹ̀ lórí fọ́tò kan, gbogbo iṣẹ́ náà lè dúró síbẹ̀, kí èsì tí ẹ nílò lọ́la sì wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá ní àkáǹtì Google, àyè 15 GB wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì ìdánwò kì í wúwo, ẹ lè fi ẹ̀dà kejì rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ láìjẹ dátà púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi chkdsk yẹ dísíìkì náà wò kí ẹ tó kó ẹrù yín tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún un. Àyẹ̀wò náà lè máa ka dísíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó kù díẹ̀ kó dákẹ́ sì lè dákẹ́ sẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ mi ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ilé-ìwé kan gbé tirẹ̀ wá, ó ti ń dún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi fúnra mi sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yẹn kí n tó kó fáìlì kan ṣoṣo kúrò. Kò jí mọ́. Èsì ọdún mẹ́rin ló bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti Windows 10 ná, torí òun ló rọrùn. Oṣù Keje ọdún 2015 ni Microsoft gbé e jáde, wọ́n sì dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọn ọ̀daràn bá rí ihò tuntun nínú rẹ̀, Microsoft kò ní máa dí i lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn mọ́. Kọ̀ǹpútà yín yóò ṣì máa tàn, Word àti Excel yóò ṣì máa ṣí, kò sì sí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó ń fà á lẹ́yìn kí ó lè falẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe fún Windows 7 nìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ẹ sì mọ̀ pé a ṣì ń rí i ní àwọn ọ́fíìsì kan títí dòní. Ewu rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o, pàápàá fún ẹni tó ń gbé fúláàṣì láti ilé ìtẹ̀wé bọ̀ sílé, tó sì ń wo àkáǹtì báńkì lórí ẹ̀rọ kan náà. Ṣùgbọ́n ewu tó ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ṣí àyè sílẹ̀ fún yín láti ronú. Microsoft tún fi ọdún kan lé e fún àwọn tó ń lò ó nílé, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí Windows yín bá jẹ́ ẹ̀dà 22H2, tí ẹ sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Windows Update, ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbà kí ó máa fi ètò kọ̀ǹpútà yín pamọ́ sórí àkáǹtì náà, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san dọ́là 30.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì tí wọ́n ní ó kún yìí ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa ohun iyebíye rẹ́ lásán, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní mẹ́mórì. Ẹ wo obìnrin tó ń yan gàrí: àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún gbẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, agbada sì wà lórí iná níwájú rẹ̀. Dísíìkì 500 GB yín ni ẹ̀yìnkùlé, RAM 4 GB ni agbada. Ẹ̀yìnkùlé lè gba àpò ogún, bí agbada bá kéré, díẹ̀ díẹ̀ náà ni yóò máa bù yan. Yíyọ àpò méjì kúrò lẹ́yìnkùlé kò lè mú agbada tóbi, nítorí náà ni fọ́tò tí ẹ pa rẹ́ kò ṣe yí ohunkóhun padà. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ yín burú ni pé bí RAM bá kún, Windows a máa kó díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ lọ fi pamọ́ sórí dísíìkì, yóò sì tún padà lọ gbé e nígbà tó bá nílò rẹ̀, bí ìgbà tí aláyangàrí ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín iná àti ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, ẹ lè má mọ̀. Bí ó bá ń tiro, gbogbo iṣẹ́ dúró nìyẹn. Dísíìkì yín ló ń tiro.

Irú dísíìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín jẹ́ àwo tó ń yí, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú apá tín-ín-rín kan tó ń rìn lókè àwo náà láti ka ohun tó wà lórí rẹ̀, tí àlàfo àárín wọn sì kéré ju ẹyọ eruku lọ. Bí fáìlì ńlá kan ṣoṣo bá tò tẹ̀léra, ó lè kà á ní nǹkan bí 100 MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n Windows 10 kì í ka fáìlì ńlá kan nígbà tó bá ń jí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń wá, kí apá yẹn tó sáré dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ìwọ̀n tó ń kà lè wálẹ̀ sí 1 MB tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ti dísíìkì tí ara rẹ̀ le. Tiyín ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti jókòó nínú mọ́tò lórí àwọn ọ̀nà wa, ó sì ń kú lójijì nígbàkígbà tí iná bá lọ. Gbogbo ìkú òjijì bẹ́ẹ̀ ń ká apá yẹn mọ́ ẹnu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ojú ibì kan lórí àwo yóò bàjẹ́, apá yóò máa gbìyànjú láti kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbìyànjú náà sì ni ẹ ń gbọ́ bí kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn, tí kọ̀ǹpútà dúró tí kò fèsì.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Bí ó bá ti ṣí tán, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀. Task Manager yóò jáde. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Bí ó bá wà ní 100% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ohun tó ń kà kò sì ju 1 MB tàbí 2 MB lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, dísíìkì ni arùfin. Bí Disk bá balẹ̀, tó jẹ́ pé Memory ló wà lókè 90%, a jẹ́ pé RAM ló ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ CPU, íńjínnì tó ń ronú fún kọ̀ǹpútà, ló ń sáré tí ẹ kò ṣí nǹkan kan, ẹ fura sí fáírọ́ọ̀sì, tàbí sí Windows Update tó ń gba nǹkan sílẹ̀, èyí tí í fi dátà ṣòfò bákan náà. Mo ní láti sọ pé èmi kò rí kọ̀ǹpútà náà, ìwé yín nìkan ni mo rí. Fáànù tí eruku ọyẹ́ ti dì lè dún jọ ohun tí ẹ ṣàpèjúwe, mo sì ti rí ẹni tó ra dísíìkì tuntun nítorí fáànù. Nítorí náà, ẹ gbé etí sí i: ìró fáànù máa ń lọ gbọọrọ láìdáwọ́ dúró, ti dísíìkì máa ń dún ta, a dákẹ́, a tún dún ta.

Nípa bátìrì, ẹ má ṣe fi sí ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa ló ń ra ọ̀pá ìmúnádúró (stabilizer) fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọ́n sì fi bátìrì tó ti kú sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìpààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ṣájà yín: INPUT 100-240V. Ṣájà náà fúnra rẹ̀ lè fara da iná tó ń lọ sókè sódò láàárín ìwọ̀n yẹn, ìbáà jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ohun tí kọ̀ǹpútà yín kò lè fara dà ni kí iná lọ pátápátá láìsí bátìrì tó máa gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ óò fi pa á bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí owó bá kù, bátìrì ló yẹ kó gbà á ṣáájú ọ̀pá ìmúnádúró. Iná tó lè ba ṣájà jẹ́ ni èyí tó fò kọjá 240 fíofío, bíi nígbà tí wáyà òpó já lé ara wọn. Ẹ fà á yọ lára ògiri nígbà òjò àti nígbà tí iná bá ń ṣe bákan.

Ó wá ku ìmọ̀ràn àwọn mẹ́ta. Ẹnjiníà tó ní kí ẹ ra òmíràn kò purọ́ pé dísíìkì ti ń kú, àmọ́ dísíìkì kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bí ojú yín bá máa gbé owó òmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ra èyí tí íńjínnì (CPU) Intel rẹ̀ kéré sí ìran kẹjọ, torí ìran náà ni Windows 11 fi ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, àyàfi díẹ̀. Nínú oríṣi tiyín, orí G5 ni ìran kẹjọ ti bẹ̀rẹ̀; ìran kẹfà ni G3, ìdí nìyẹn tí Microsoft kò fi ní mú un lọ sí Windows 11 fúnra rẹ̀. Èyí tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lè ṣe é lóòótọ́, mo ti ṣe é fún àwọn kan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó lè má sọ fún yín ni pé Microsoft kò ṣèlérí àtìlẹ́yìn kankan fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, àti pé àtúnṣe ńlá ọdọọdún kì í wọlé fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní láti tún fọwọ́ fi sí i. Lórí dísíìkì tó ń tiro àti RAM 4 GB, Windows 11 yóò tún wúwo ju èyí tí ẹ ń sun ẹkún rẹ̀ lọ. Ní ti Linux, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń lò ó. Láti ọdún 1991 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, Linux Mint kò sì ní ṣòro fún ẹni tó mọ Windows. Àmọ́ bí fáìlì Excel tí ilé-ìwé ń fi ṣírò èsì bá ní àwọn àṣẹ àdáṣe (macro) nínú, LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Excel lórí Linux, lè má ṣe wọ́n bó ṣe yẹ, àti pé nígbà tí ọmọ àbúrò yín bá padà sí yunifásítì, ẹni tí ẹ óò pè ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tí èsì ń jáde lè ṣòro rí. Síbẹ̀ ẹ pè é. Ẹ ní kí ó gbé Linux wá sórí fúláàṣì, kí ó fi tan kọ̀ǹpútà náà láìfi sórí dísíìkì. Bí ara rẹ̀ bá yá lọ́nà yẹn, a ti mọ̀ pé dísíìkì tàbí Windows tó wà lórí rẹ̀ ni ọ̀tá, àti pé ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà kó fáìlì jáde bí Windows bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí ó bá jẹ́ ti ìyá mi ni pé n óò yọ dísíìkì náà, n óò fi SSD 256 GB rọ́pò rẹ̀. SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ tó fẹ̀ ní íǹṣì 2.5 sì wọ ojú ihò kan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí máa ń jí láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìpààrọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, n óò wá RAM 4 GB mìíràn kún un, irú DDR4 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká; ihò méjì ló wà nínú G3, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣófo. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti ń gòkè káàkiri ayé nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kó o, nítorí náà bí ẹ bá rí alálòkù tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹ gbà á, ó kéré tán ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. SSD ni kí ẹ má ra ní àlòkù. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 1 TB tàbí 2 TB sí lára ní owó táṣẹ́rẹ́; mo ti tú irú rẹ̀ tí káàdì mẹ́mórì kékeré ti fóònù ló wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi Windows tuntun sórí SSD, ẹ má san owó láísẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kejì. Bí Windows 10 tó wà lórí rẹ̀ báyìí bá jẹ́ ojúlówó, àṣẹ rẹ̀ so mọ́ pákó inú kọ̀ǹpútà náà, kò so mọ́ dísíìkì. Bí ó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò dá ara rẹ̀ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ètò kan wá tó ní kí ẹ kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kí ó tó lè ṣí Windows tàbí Office lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gbé e padà lọ. Ẹ̀nu ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jí páswọ́ọ̀dù báńkì gbà wọlé, èyí sì léwu ju Windows 10 tó ti dàgbà lọ.

Ẹ gba dísíìkì àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀. Orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, kò yẹ kí ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, kódà tèmi. Ìdí mìíràn tún wà. Ẹ kọ́kọ́ wo Recycle Bin fún àwọn fọ́tò tí ẹ pa rẹ́. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, lórí dísíìkì aláwo, fọ́tò tí a pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a pa, ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá ti kó èsì àti àwọn fọ́tò tó ṣì wà kúrò tán, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ má kọ ohun tuntun sórí rẹ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò yín lè fi ètò kan tó ń jẹ́ PhotoRec wá wọn láti orí Linux rẹ̀, sínú fúláàṣì mìíràn. Bí dísíìkì náà bá kọ̀ tí kò jẹ́ kó kà á mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí rẹ̀ níhìn-ín, títí kan èmi, torí eruku kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí àwo náà lè ba ìyókù jẹ́. Àwọn tó ní yàrá tí kò ní eruku ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí, owó wọn sì wúwo. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sínú àpótí níbi tí ọrinrin kò sí, títí ẹ óò fi pinnu bóyá fọ́tò bàbá tó bẹ́ẹ̀.